Ahọ́n Tí Mo Gbé Wá Láti Ilé

Nígbà tí mo wà ní Làlúpọn, mi ò mọ̀ pé ohùn mi ní àbùkù kankan. Èmi ni mo máa ń ka Bíbélì ní ṣọ́ọ̀ṣì wa lọ́jọ́ ìkórè. Láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án ni wọ́n ti ń gbé mi gun àpótí kí ìjọ lè máa rí orí mi. Màá kà á láìkọsẹ̀, wọ́n á sì ṣe "Àmín" tí páànù òrùlé á fi dún. Ìyá mi á jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, á máa wo ojú àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni pé òun ló kọ Bíbélì.

Mo sọ èyí kí ẹ lè mọ̀ pé wọn ò bí ìbẹ̀rù yìí mọ́ mi. Àjò ni mo ti kó o.

Mi ò ní fi bí mo ṣe rìn dé Ìkòròdú dá yín dúró. Mo kọ́ṣẹ́ ìlera n'Íbàdàn, mo wáṣẹ́ títí ó fi sú mi, ẹ̀gbọ́n ìyá mi kan ní kí n máa bọ̀ l'Ékòó. Mo di báàgì méjì, mo lọ. Mo rò pé ohun tí màá fara dà níbẹ̀ kò ní ju ooru, ẹ̀fọn àti ariwo lọ. Kò wá sí mi lọ́kàn pé Yorùbá sí Yorùbá, èèyàn lè di àlejò nínú ẹnu ara ẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ tí mo dé gan-an, mo yà ra iṣu létí títì ní Benson, ibùdókọ̀ kan n'Íkòròdú. Mo kí obìnrin tó ń tà á, mo nawọ́ sí ọ̀kan.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, èló ni isu yìí?"

Ó gbójú sókè wò mí. "Kí lẹ pè é?"

"Isu, mà."

Ó yíjú sí ẹni tó ń ta tòmátì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. "Ẹ wá gbọ́ o, wọ́n fẹ́ ra isu! Àǹtí, iṣu la ní níbí o. Isu ti tán, ó kù sí Ìbàdàn."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe ẹ̀rín ìkà. Ó tiẹ̀ fi ọ̀kan kékeré lé e fún mi, ó ní kí n kí àwọn ará ilé. Ṣùgbọ́n mo gbé iṣu náà dé ilé, mo sè é, mi ò lè jẹ ẹ́ tán. Mo jókòó tì í, mo ń tún ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sọ lábẹ́lẹ̀, bí ẹni ń yọ eegun ẹja kúrò láàárín eyín.

Ní ọ̀dọ̀ tiwa, s tí kò ní àmì lábẹ́ àti ṣ tó ní àmì, ọ̀kan náà ni wọ́n lẹ́nu wa. Bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, mò ń fi àmì sábẹ́ ẹ̀ níbi tó yẹ. Ìka mi mọ̀ ọ́n. Ahọ́n mi ni ò mọ̀ ọ́n. Ìgbà tí Ọlọ́run máa wá fún mi níṣẹ́, Ìbẹ̀ṣẹ̀ ló fún mi sí, ìlú etí ọ̀sà tí orúkọ ẹ̀ fúnra ẹ̀ kì í jáde dáadáa lẹ́nu mi. Láràárọ̀, tí mo bá dé ibùdókọ̀, mi ò ní sọ ibi tí mò ń lọ. Màá dúró títí ẹlòmíràn á fi pe orúkọ ìlú náà, màá wá tẹ̀lé e wọkọ̀.

*

Ilé ìlera kékeré ni, létí omi. Lọ́jọ́ tí àwọn aboyún bá wá, kí a tó wọn ẹ̀jẹ̀ wọn, kí a tó yẹ ikùn wọn wò, òṣìṣẹ́ kan gbọ́dọ̀ dúró níwájú wọn kó bá wọn sọ̀rọ̀: oúnjẹ tó yẹ kí wọ́n jẹ, ìgbà tí wọ́n máa gba abẹ́rẹ́, àmì tí wọ́n máa rí tí wọ́n á fi mọ̀ pé ewu wà. A máa ń gbà á ṣe láàárín ara wa. Ọ̀sẹ̀ kẹta mi ló kàn mí.

Mo ti kọ ọ̀rọ̀ mi sínú ìwé. Mo ti kà á fún ògiri yàrá mi. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dìde, tí mo rí ojú bí ogójì tó ń wò mí, àwọn kan ń fi káádì fẹ́ ara wọn, àwọn kan gbé ọwọ́ lé ikùn, mo fi ọwọ́ méjèèjì di ìwé náà mú.

"Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ìyá wa. Lónìí, a máa sọ̀rọ̀ lórí ìsọ́ra..."

Ẹnìkan lẹ́yìn tún un sọ, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń tọ́ ọbẹ̀ wò: "Ìsọ́ra."

Bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà rìn láti ẹ̀yìn bọ̀ níwájú bí omi tó ń wọlé. Ìwé ọwọ́ mi ń gbọ̀n débi pé mi ò rí ohun tí mo kọ mọ́. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, mò ń bọ̀," mo sì gba ilẹ̀kùn ẹ̀yìn jáde, ó di ibi tí àwọn apẹja ń sá àwọ̀n sí.

Títí ló parí ọ̀rọ̀ náà fún mi. Èmi àti Títí la jọ ń ṣiṣẹ́; ọmọ Ìkòròdú ni, ẹni tó lè bá ẹgbẹ̀rún èèyàn sọ̀rọ̀ kó sì máa jẹ gúgúrú lọ. Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó kàn bi mí pé, "Ṣé ara ẹ ò yá ni?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Láti ọjọ́ yẹn la ti ní àdéhùn kan tí a ò fẹnu ṣe. Ó ń gba ọjọ́ ọ̀rọ̀ mi, èmi náà ń gba iṣẹ́ tí òun ò fẹ́. Èmi ni mò ń fọ gbogbo irin iṣẹ́. Èmi ni mò ń gbé kúlà àjẹsára káàkiri àwọn ilé etí ọ̀sà nínú oòrùn. Èmi ni mò ń fọ ilẹ̀ yàrá ìbímọ nígbà tí gbogbo ẹ̀ bá parí. Ọdún méjì gbáko. Ẹ̀yìn ń ro mí, awọ ọwọ́ mi ń bó nítorí oògùn apakòkòrò. Àwọn èèyàn ní mo níwà, pé n kì í sọ̀rọ̀, iṣẹ́ ni mo mọ̀. Wọ́n pè é ní ìrẹ̀lẹ̀. Ẹ̀rù ni.

Kì í ṣe pé mi ò gbìyànjú. Mo jẹ orógbó kí ohùn mi lè là. Mo gbààwẹ̀. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan mo tiẹ̀ lọ sétí omi, mo dojú kọ ọ̀sà, mo lọgun: "Ẹ sọ́ra! Ẹ máa sinmi dáadáa!"

Apẹja kan tó ti nà gbalaja sínú ọkọ̀ ẹ̀, tí mi ò rí, gbórí sókè. "Àǹtí, ta lẹ̀ ń bá wí? Mo ti ń sinmi."

Mi ò padà síbẹ̀ mọ́.

*

Ọjọ́ Àìkú ni ìyá mi máa ń pè, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Ilé tí mo rẹ́ǹtì sí n'Íkòròdú, àwọn ará Ọ̀yọ́ àti Ọ̀ṣun ló kún ibẹ̀: aránbàtà kan láti Ìwó, tọkọtaya kan láti Ṣakí, àti àfáà kan tó ń kọ́ àwọn ọmọdé ní kéwú. Tó bá di ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, wàá gbọ́ ohùn wọn láti yàrá dé yàrá, kálukú ń pariwo sínú fóònù bí ẹni pé ó fẹ́ kí ohùn òun dé ilé fúnra ẹ̀. Ẹni tó ti ń rìn jẹ́jẹ́ láti ọjọ́ Ajé, wákàtí yẹn ni wàá mọ̀ pé ó lóhùn. Èmi náà, inú fóònù nìkan ni mo ti ń jẹ́ ara mi.

"Sé wọ́n ń gbọ́ ẹ níbẹ̀?" ìyá mi á bi mí. Ohun tó ń bèèrè ni pé ṣé mo ṣì ń dúró níwájú èèyàn, bíi ti ọjọ́ ìkórè.

"Wọ́n ń gbọ́ mi dáadáa, Màámi. Èmi ni mò ń bá àwọn aboyún sọ̀rọ̀."

"Olúwa seun. Mo ti sọ fún pásítọ̀. Mo ní ọmọ mi ló ń kọ́ àwọn ará Èkó."

Kékeré ni irọ́ yẹn wà nígbà tí mo bí i. Kó tó pọ́dún, ó ti dàgbà, ó ti ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n ti ń fi dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Mo máa ń rò ó lẹ́yìn tí a bá sọ̀rọ̀ tán. Làlúpọn sí Ìkòròdú kì í ṣe ọ̀nà jíjìn. Ẹni tó bá jí kúrò nílé á débẹ̀ kí oòrùn tó mú. Àwọn ẹgbẹ́ mi kan wà ní Kánádà, wọ́n ní yìnyín ń já lu àwọn. Èmi ò lẹ́nu láti sọ pé mo wà lájò. Ṣùgbọ́n lójú tèmi, ibi tí èèyàn bá ti ń wo ọ̀rọ̀ tìfura-tìfura kó tó sọ ọ́, àjò ni ibẹ̀. Tí mo bá fẹ́ sọ pé ìṣòro, màá wá wàhálà lọ. Tí mo bá fẹ́ ní kí ẹnìkan ṣọ́ra, màá ní kó kíyè sára. Mo ti di ẹni tó ń rìn lórí Yorùbá bí ẹni ń rìn lórí ìgò fífọ́, tó ń wá ibi tí ẹsẹ̀ lè gbé tẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan wà tí mi ò rí ọ̀nà yẹ̀: ta ló lè bá aboyún sọ̀rọ̀ láìpe oṣù?

*

Lẹ́yìn ọdún méjì, wọ́n gbé mi lọ sí Ẹ̀pẹ́. Mi ò bẹ̀bẹ̀ fún un, mi ò sì láṣẹ láti kọ̀ ọ́. Ilé ìlera ibẹ̀ kéré sí ti Ìbẹ̀ṣẹ̀. Àwa mẹ́ta péré ni: èmi, Bọ̀dá Wàhábì tó ń kọ káádì, àti ọ̀gá wa, obìnrin kan tó ti ń lọ sí ọgọ́ta ọdún, tí gbogbo ìlú ń pè ní Àlájà. Bí àwọn ìyá ibẹ̀ bá ń sọ Ìjẹ̀bú wọn láàárín ara wọn, ìlàjì ni mò ń gbọ́. Títí ò sí níbẹ̀. Kò sí ẹni tí màá fọ irin fún kó lè sọ̀rọ̀ dípò mi.

"Èmi ń mú ọjọ́ Ajé," Àlájà sọ fún mi. "Ọjọ́bọ̀ ni tìẹ."

"Ẹ jẹ́ kí n máa gbé àjẹsára lọ sáwọn abúlé, mà. Mo mọ̀ ọ́n se dáadáa."

"Wàá gbé e. Wàá sì máa sọ̀rọ̀ lọ́jọ́bọ̀."

Ojú ìwé mẹ́ta ni ọ̀rọ̀ tí mo kọ sílẹ̀. Àkọ́kọ́ jẹ́ oúnjẹ, èkejì jẹ́ ìmọ́tótó. Ẹ̀kẹta ni àmì ewu: kí orí máa fọ́ aboyún láìlọ, kí ojú máa ṣe é bàìbàì, kí ojú àti ọwọ́ máa wú. Mo ka méjì àkọ́kọ́, ohùn mi ń gbọ̀n, àmọ́ wọ́n ń gbọ́. Ẹnikẹ́ni ò tíì rẹ́rìn-ín. Níwájú, ọ̀dọ́bìnrin kan jókòó, ó gbé báàgì ọ̀rá lé itan, ó ń tẹ́tí sí mi bí ẹni ń gbọ́ ìròyìn ilé bàbá ẹ̀. Sẹ̀míátù lorúkọ ẹ̀. Ẹja ló ń tà lọ́jà, oyún àkọ́kọ́ ẹ̀ nìyẹn. Mo ṣí ojú ìwé kẹta, mo rí gbogbo ṣ inú ẹ̀ bí ẹ̀gún tó tò sílẹ̀. Mo pa ìwé dé.

"Ẹ máa jẹun dáadáa, ẹ máa mumi. Ó parí."

Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Inú mi dùn. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé inú mi dùn lọ́jọ́ yẹn, mo sì tún un ṣe bẹ́ẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀ mẹ́rin tó tẹ̀lé e.

Ọ̀sẹ̀ kẹfà, láàárọ̀, wọ́n fi kẹ̀kẹ́ Márúwá gbé Sẹ̀míátù dé. Gìrì ti mú un nílé. Ìyá ọkọ ẹ̀ gbé orí ẹ̀ lé àyà, ó ń pe Ọlọ́run. Ìgbà ìkẹyìn tó wá, mo wọn ẹ̀jẹ̀ ẹ̀, ó wà níbi tó yẹ. Lọ́jọ́ yẹn, ó ti lọ sókè débi pé Àlájà tún un wọ̀n lẹ́ẹ̀mejì. Ó fún un lábẹ́rẹ́, a gbé e wọkọ̀, a sáré gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá. Èmi ni mo di ẹsẹ̀ ẹ̀ mú lọ́nà. Ó wú tó fi jẹ́ pé ojú ìka mi dúró sí i.

Wọ́n gba ẹ̀mí ẹ̀ là. Ọmọ ò yè.

*

Nígbà tó padà sílé, mo lọ kí i. Ìyá ọkọ ẹ̀ gbé àga fún mi, ó lọ bu omi. Sẹ̀míátù jókòó sórí ẹní, ó fi ìró dì pa àyà nítorí omi ọyàn tó ń ṣàn lásán.

"Ọjọ́ mẹ́rin ni orí fi fọ́ mi, Nọ́ọ̀sì," ó ní. "Mo rò pé oòrùn ọjà ni. Mo ra oògùn ní kẹ́míìsì. Nígbà tí ojú mi ń ṣe bàìbàì, mo ní èéfín ẹja ni."

Ó tún ìró náà dì.

"Wọ́n bi mí lọ́hùn-ún pé ṣé wọn ò sọ fún mi níbi tí mo ti gba káádì ni. Mo ní rárá. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo wá tí ẹ sọ̀rọ̀. Iwájú ni mo jókòó. Ẹ ò sọ ọ́."

Kò fi ìbínú sọ ọ́. Ó sọ ọ́ bí ẹni ń bèèrè ohun tí kò yé e. Ìbá ṣe pé ó gbá mi létí, ìbá sàn fún mi.

"Ẹ forí jì mí," mo ní. "Mo mọ̀ ọ́n. Ó wà nínú ìwé ọwọ́ mi. Mi ò kà á ni."

"Kí ló dé?"

"Ẹ̀rù bà mí pé ẹ máa rẹ́rìn-ín."

Ó wò mí títí. Ìyá ọkọ ẹ̀ gbé omi dé, ó gbé e síwájú mi, ó ní àmúwá Ọlọ́run ni. Sẹ̀míátù ò yí ojú kúrò lára mi.

"Ẹ̀rín?" ó ní.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn ló sọ. Mi ò lè mu omi náà.

Láti ibẹ̀ ni mo ti lọ bá Àlájà. Ó ń gé bándéèjì nínú yàrá oògùn. Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà, mo sọ gbogbo ẹ̀, látorí bẹ́ǹṣì Ìbẹ̀ṣẹ̀ dé orí ojú ìwé kẹta. Kò jágbe mọ́ mi.

"Ọjọ́bọ̀ mélòó?" ó bi mí.

"Márùn-ún, mà."

Ó gbé sísọ́ọ̀sì sílẹ̀. "Màá kọ ọ́ sínú ìwé. Wọ́n á pè ọ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Sé ẹ máa gba Ọjọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi?"

"Tí mo bá gbà á, o ò ní sọ̀rọ̀ mọ́ láyé ẹ. Jókòó."

Mo jókòó sórí páálí abẹ́rẹ́. Ó tún mú sísọ́ọ̀sì ẹ̀, ó ń gé bándéèjì lọ bó ṣe ń sọ̀rọ̀. "Ibí ni wọ́n bí mi sí. Ibí ni wọ́n bí bàbá mi sí. Síbẹ̀, Èkó Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n ń pè wá, torí pé àwọn bàbá ńlá wa sá kúrò n'Ísàlẹ̀ Èkó nígbà ogun, wọ́n wá tẹ̀dó síbí. Tí mo bá lanu, ọmọ Ìjẹ̀bú Ẹ̀pẹ́ mọ̀ pé n kì í ṣe tiwọn. Tí mo bá dé Ìsàlẹ̀ Èkó, wọ́n á ní ará oko dé. Ibo ni kí n ti lọ yá ohùn? Èyí tí mo ní ni mò ń lò."

Ó ká èyí tó ti gé, ó mú òmíràn.

"Má mú ìwé dání mọ́," ó ní. "Ìwé yẹn ló ń gbọ̀n tí wọ́n fi ń mọ̀ pé ẹ̀rù ń bà ọ́. Má sì dúró. Jókòó sórí bẹ́ǹṣì láàárín wọn. Má wo gbogbo wọn, mú ojú kan, bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá àbúrò ẹ̀ sọ̀rọ̀. Tí èémí ẹ bá kúrú, dákẹ́ kó fi balẹ̀. Kò sẹ́ni tí ìdákẹ́jẹ́ ń pa."

Lọ́jọ́ Ajé ó mú mi lọ sí ọ̀dọ̀ obìnrin kan ṣoṣo tó ń dúró de abẹ́rẹ́ ọmọ ẹ̀, ó ní kí n sọ àmì ewu fún un. Mo sọ ọ́. Lọ́jọ́ kejì, mo sọ ọ́ fún mẹ́ta. Lọ́jọ́rú, méje ni wọ́n, Bọ̀dá Wàhábì ṣìkẹjọ wọn. Ó gbé káádì sílẹ̀, ó ń gbọ́ bí ẹni pé òun ló lóyún. Ọ̀kan nínú wọn rín mi. Mo dákẹ́, mo mí, mo ń bá a lọ. Lẹ́yìn ẹ̀, aṣọ mi ti tutù lẹ́yìn bí ẹni tí òjò pa.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà mo pe ìyá mi, láìdúró de ọjọ́ Àìkú. Mo sọ fún un pé irọ́ ni mo ti ń pa láti ọdún méjì, mo sì sọ ohun tó ti inú ẹ̀ jáde.

"Kí lorúkọ obìnrin náà?" ó wá bi mí.

"Sẹ̀míátù."

"Sẹ̀míátù," ó tún un pè, bí ẹni ń fi í sí ibi tí kò ní sọnù. "Màá máa rántí ẹ̀ nínú àdúrà. Lọ wá nǹkan jẹ."

Bó ṣe tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀ fún pásítọ̀, kò sọ fún mi, mi ò sì bi í.

*

Ọjọ́bọ̀ dé. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì kejì, láàárín obìnrin méjì tí ìdí wọn gba gbogbo àyè. Mo wá ojú kan, mo rí ti ìyá kan tó ní ilà pélé tó ń jẹ àgbàdo. Mo mí.

"Ẹ káàárọ̀ o. Ará Ìbàdàn ni mí. Ẹ máa gbọ́ ọ lẹ́nu mi. Mi ò mọ bí wọ́n se ń pe s yín."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín gidi, tí wọ́n fi ń gbá ara wọn lẹ́jìká. Ẹsẹ̀ mi fẹ́ gbé mi lọ síbi ilẹ̀kùn. Mo di ẹsẹ̀ bẹ́ǹṣì mú.

"Ẹ rín in tán. Mò ń dúró."

Mo dúró. Nígbà tó rọlẹ̀, mo ní, "Obìnrin kan jókòó síbí yìí, mi ò sọ ohun tí mo fẹ́ sọ yìí fún un. Ó pàdánù ọmọ ẹ̀."

Ìyá tó ń jẹ àgbàdo gbé e sílẹ̀.

"Bí orí bá ń fọ́ yín tí kò lọ, tójú ń se yín bàìbàì, tójú àtọwọ́ yín ń wú, ẹ má se jókòó sílé. Ẹ má se lọ sí kẹ́míìsì. Kódà kí ẹja yín wà lórí iná, ẹ fi sílẹ̀, ẹ sáré wá. Kó jẹ́ osù márùn-ún o, kó jẹ́ osù mẹ́sàn-án o, ẹ sáré wá."

Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Mo dìde, mo lọ sẹ́yìn ilé, mo bì. Lẹ́yìn náà mo fọ ẹnu, mo wọlé, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wọn ẹ̀jẹ̀ wọn.

Wọ́n pè mí sí ọ́fíìsì bí Àlájà ṣe sọ. Wọ́n fún mi ní lẹ́tà ìkìlọ̀, mo gbà á. Èmi náà mọ̀ pé ó yẹ.

Ó ti pẹ́ díẹ̀ báyìí. Bí ẹnìkan bá ní ẹ̀rù á lọ tí èèyàn bá ti dojú kọ ọ́, ẹ má dá a lóhùn. Tèmi ò lọ. Gbogbo Ọjọ́bọ̀ ni mò ń di bẹ́ǹṣì mú. Ohun tó yàtọ̀ ni pé mo ti mọ̀ ọ́n, bí a ṣe ń mọ ayálégbé kan tí kò dákẹ́ tí kò sì ní kó jáde. Ó ń rẹ̀ mí. N kì í ṣe ọmọ Ẹ̀pẹ́, mi ò sì dájú pé màá dà á láéláé. Tí mo bá lọ sí Làlúpọn lọ́dún, wọ́n á ní mo ti ń sọ̀rọ̀ bí ará Èkó. Ará Èkó ò tíì gbọ́.

Ọjọ́ ọjà kan lẹ́nu àìpẹ́ yìí, obìnrin kan tí mi ò rí rí wọlé wá. Kò ní káádì lọ́dọ̀ wa. Ìpẹ́ ẹja ṣì lẹ̀ mọ́ ọn lápá, oyún ẹ̀ ti tó oṣù mẹ́jọ. Ó di ògiri mú, ó ní orí ń fọ́ òun láti àná, ojú òun sì ń ṣe bàìbàì. Mo wọn ẹ̀jẹ̀ ẹ̀. Àlájà fún un lábẹ́rẹ́, mo kọ lẹ́tà sí ilé ìwòsàn ńlá, Bọ̀dá Wàhábì sáré lọ wá kẹ̀kẹ́. Kí n tètè sọ ọ́ fún yín: òun àti ọmọ tí wọ́n fi iṣẹ́ abẹ gbé jáde lọ́jọ́ náà, àwọn méjèèjì wà láàyè. Àmọ́ ohun tó sọ nígbà tí a ń dúró de kẹ̀kẹ́ ni mi ò lè gbàgbé.

Mo bi í pé, "Ta ló sọ fún yín pé kí ẹ wá?"

Ojú tì í. "Ẹ má bínú o, Nọ́ọ̀sì. Wọ́n máa ń sín yín jẹ lọ́jà ni."

"Sín mi jẹ?"

"Tẹ́nìkan bá ń họ ìpẹ́ ẹja, tó ní orí ń fọ́ òun, gbogbo ìsọ̀ á pariwo ohùn yín lé e lórí, a óò wá máa rẹ́rìn-ín. Kódà àwọn ọkùnrin tó ń gbé yìnyín ń sọ ọ́. Wọ́n sọ ọ́ sí mi lánàá, èmi náà ń rẹ́rìn-ín. Láàárọ̀ yìí tójú mi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bàìbàì, ẹ̀rín ò wá mọ́. Mo fi ẹja sílẹ̀."

Mo jókòó tì í lórí bẹ́ǹṣì. Ìta dákẹ́ rọ́rọ́, kẹ̀kẹ́ ò tíì dé.

"Báwo ni wọ́n se ń sọ ọ́?" mo ní. "Ẹ sọ ọ́ kí n gbọ́."

Ó wò mí bóyá mò ń bínú. Ó dijú nítorí orí tó ń fọ́ ọ, ó sì fi ohùn mi sọ ọ́, ohùn Làlúpọn pọ́ńbélé: "Ẹ má se jókòó sílé! Ẹ sáré wá!"